Ẹfúnyẹmí àti Orin Ìlú Mẹ́ta Lórí Òkè Ìrágbà

Ní àkókò tí Ògúnmọ́ṣẹ́ jagunjagun ń jó ìlú kiri, kò sí ẹni tó ń dáná lójú oòrùn ní agbègbè òkè wa, kí èéfín má baà fi ilé han ọ̀tá. Àwọn ìyá a máa fi aṣọ bo ẹnu ọmọ tó bá ń sunkún. Láàrin oṣù mẹ́rin péré, ọkùnrin yìí ti sọ ìlú mẹ́ta di eérú: Ìdógbè, Arúnlé àti Ìmọ̀tí. Àwọn tí idà kò pa, tí okùn ẹrú kò sì mú, sá gun òkè wá sí Ìrágbà, wọ́n ń gbé inú ihò àpáta bí àdán. Bí a bá ka àwọn tó lè ta ọfà nínú wọn mọ́ ti àwa onílé, wọn kò pé ọgọ́rin.

Ìgbà náà ni ìránṣẹ́ Ògúnmọ́ṣẹ́ dé sí ẹsẹ̀ òkè. Ó ní ọ̀gá òun fún Onírágbà, ọba wa, ní ọjọ́ mẹ́ta: kí ó lé àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀, tàbí kí òun àti ìlú rẹ̀ múra láti bá wọn lọ sí oko ẹrú. Ìbẹ̀rù wọ ìlú bí omi ṣe ń wọ ọkọ̀ tó jò. Àwọn ìjòyè pàápàá kò lè wo àlejò lójú mọ́. Ọ̀dọ̀fin ló sọ ọ́ síta nínú ìgbìmọ̀: "Kábíyèsí, bí a bá ń ro ti àlejò, àwa onílé ò ní í sí mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Obìnrin kan dìde láàrin àwọn àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹfúnyẹmí ni, aṣáájú orin ní ojúbọ Ọbàtálá ní Ìdógbè. Ẹfúnyẹmí olóhùn gooro bí agogo, obìnrin kúkúrú tí òjìji rẹ̀ ń bo ọkùnrin gíga mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti bá iná Ìdógbè lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n jó wa nílé, àwọn èèyàn mi ń kọrin nínú ojúbọ títí òrùlé fi wó lé wọn. Inú koríko ni mo sá pamọ́ sí. Mo rí àwọn ọmọ ogun yẹn tí wọ́n fi ọwọ́ di etí. Àwọn tí wọ́n pa kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Ẹ fún mi ní gbogbo ẹni tó bá lè la ẹnu, kí ẹ sì yá mi ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn."

Ọ̀dọ̀fin rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ṣé orin la ó ta bí ọfà ni?"

"Bàbá, ọfà mélòó lẹ ní?"

Ọba dá sí i, ó ní: "Ẹni tó sá di mí, n kò ní í fi lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹfúnyẹmí, kó wọn lọ."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Orin òrìṣà ni àwọn ará Ìdógbè mọ̀. Àwọn ọdẹ Arúnlé ní orin ogun àti ìwo ẹfọ̀n. Ní ti àwọn ará Ìmọ̀tí, orin ìgbìn àti orin ìyàwó ni tiwọn, pẹ̀lú fèrè àti àgídìgbo méjì tí wọ́n gbé sá. Àgbà Ìdógbè kan bínú, ó ní orin òrìṣà kì í bá orin ìyàwó jókòó pọ̀. Ẹfúnyẹmí dá a lóhùn pé, "Bàbá, ihò àpáta kan náà la jọ ń sùn. Orin wa náà yóò jọ sùn síbẹ̀." Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, orin ilé wọn kò ṣeé kọ parí nítorí ẹkún. Ẹfúnyẹmí a jẹ́ kí wọ́n sunkún tẹ́rùn, a sì tún gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kùrukùru ọ̀yẹ́ bo òkè débi pé èèyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Akọrin ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí àpáta tirẹ̀, àpáta mẹ́ta sì yí ojú ọ̀nà ká. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ogun tó ń gòkè, wọ́n gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ akọrin tọ̀ sára. Ìdógbè ló kọ́kọ́ gbé orin, jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín. Ìwo Arúnlé wá dún lẹ́yìn wọn, fèrè Ìmọ̀tí bọ́ sí i lápá òsì, ẹ̀rín sì kú mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ìdógbè nìyẹn!" ni ọ̀kan ké. "Mo mọ orin yẹn! Àwa la pa wọ́n!"

"Ẹ ta wọ́n lọ́fà!" ni Ògúnmọ́ṣẹ́ bú.

Ọfà kan ba Akínsọ́wọ́n, tó ń lé orin fún Ìmọ̀tí. Ó ṣubú, gbogbo àpáta rẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ẹfúnyẹmí gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó mọ̀ pé bí ó bá pẹ́ sí i, ọ̀tá yóò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn akọrin, kì í ṣe òkú. Ló bá sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀nà, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń dá orin ìyàwó Ìmọ̀tí kọ, orin tí kò ní ráyè kọ fún ọmọ tirẹ̀ láéláé. Ọfà ń fò kọjá létí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rí funfun tó ń bọ̀ nínú kùrukùru. Ìmọ̀tí bá gbè é. Àpáta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ho lẹ́ẹ̀kan náà, ogun sì tú ká. Wọ́n ju ọrun, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni Ògúnmọ́ṣẹ́ kú sí. Síbẹ̀ àwọn akọrin kò dáwọ́ dúró, nítorí wọn kò rí i pé ọ̀tá ti lọ. Wọ́n ń kọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù títí oòrùn fi ká kùrukùru kúrò.

Ẹfúnyẹmí kò padà sí Ìdógbè. Òun ló dá Ẹgbẹ́ Akọrin Ìrágbà sílẹ̀, tí à ń rí títí di òní pẹ̀lú dùrù, gòjé, fèrè àti ìwo, tí orin ìsìn àti orin ayé ń jáde lẹ́nu kan náà. Òun náà ló fi òfin lélẹ̀ pé, bí ẹni tí wàhálà lé bá dé ibodè wa, a kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ bi í nípa ìran rẹ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, omíyalé lé ìdílé kan dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá wọn dúró níbodè, ó ti ń gbìyànjú láti ṣàlàyé irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin dá a dúró.

"Ẹ kú ewu, bàbá. Ẹ kọ orin ilé yín kan fún wa."

Ọkùnrin náà gbé orin kan. Kí ó tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ogójì èèyàn ti ń gbè é.