Ẹ̀pà Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Kọ̀

Báwo ni ìyá ṣe ń mọ̀ pé ohun tí òun ń fi sẹ́nu ọmọ ń ṣe é lóore? Títí dòní, mi ò rí ìdáhùn. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kọsẹ̀ pàrà, ó ṣubú lu Àwẹ̀ró, ó ṣubú lu Ìgè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀pà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wọn láti òkè òkun ni. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá yan án, tó lọ̀ ọ́ kúnná, ọmọ tó ń jẹ ẹ́ á sanra, ara rẹ̀ á le. Gbogbo ilé wá ń gbin ẹ̀pà. Àwẹ̀ró náà gbìn ín. Ó hú u. Òjò pa á kó tó gbẹ.

Àwẹ̀ró jókòó, ó ń ṣà á. Èyí tó dán, tọjà. Èyí tó gbó dáadáa, ti gbíngbìn. Èyí tó bu, tí nǹkan bí ewú hù lára rẹ̀, tilé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ́ dé. Ó mú ẹyọ kan nínú tilé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú nù.

"Ìyá Ìgè, ẹ̀yin ń jẹ eléyìí?"

"Olè! Kí ló kàn ọ́?"

"Olè ni mí lóòótọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò lè jí èyí."

Àwẹ̀ró sọ òkò lù ú. Ó yan ẹ̀pà náà títí ó fi dúdú. Ó fi ata lọ̀ ọ́, ó fi iyọ̀ sí i, ó gbé e fún Ìgè.

"Màámi, ó korò."

"Gbé e mì jàre! Àbí o ò fẹ́ sanra bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni?"

Bó ṣe ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, Ìgè bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Màámi, ẹ wò mí lójú o,
*Ẹ̀pà yìí korò.*
Ojú mi ti pọ́n bí epo,
*Ẹ̀pà yìí korò.*
Ikùn mi wú, ẹsẹ̀ mi rù,
*Ẹ̀pà yìí korò.*

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Àwẹ̀ró ní, "Ata ló pọ̀." Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́." Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́.

Àwẹ̀ró figbe ta. Ó já àpò tọjà, ó lọ èyí tó dán jù, ó sáré gbé e wá.

"Ìgè, ọmọ mi, dákun, tọ́ ọ wò. Èyí ò korò."

Ìgè ò la ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé èyí tó dára jù, tọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí ọmọ bá sì ní oúnjẹ korò, ẹ fi ahọ́n ara yín tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ni ààlọ́ mi sinmi sí.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó pẹ́ gan-an kí nọ́ọ̀sì kan tó sọ fún mi pé yíyan kì í pa májèlé inú ẹ̀pà tó bu tán, bó ti wù kó dúdú tó.