Mọ́tò tí Ládìípọ̀ Tún Ṣe

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Fádèkẹ́, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ, ló pòwe náà fún Ládìípọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ládìípọ̀ fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lójúde láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọwọ́ yín ló kàn án gbẹ̀yìn, Bàbá Déjì. Ẹ tún un wò."

"Ọwọ́ mi kọ́, ọwọ́ ayé ni! Ṣé o ò rí Oyèéwùmí ará ilé kejì tó dúró tì mí, tó ń rẹ́rìn-ín? Òun ló da omi sínú epo mi."

Kò wo ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó lọ bá Oyèéwùmí, ó bú u bí ẹní láyin.

Lọ́jọ́ kejì, ìrọbí mú Fádèkẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Oyèéwùmí gbàgbé èébú, ó gbé mọ́tò tirẹ̀ wá.

"Ẹ jẹ́ ká fi tèmi gbé wọn, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀tá ò ní gbé aya mi."

Mọ́tò Ládìípọ̀ tó fi ń gbé e lọ ilé ìwòsàn ń ta gìrìgìrì títí ó fi kú sí ìdajì òkè. Oyèéwùmí, tó ń tẹ̀ lé wọn, gbé obìnrin náà sínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ gbé mọ́tò tó kú sórí òkè náà. Oyèéwùmí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí wáyà púlọ́ọ̀gì méjì tí Ládìípọ̀ fi sí ipò ara wọn. Ó dá wọn padà sí ipò wọn, ó sì ṣíná. Ẹ́ńjìnnì náà ń ró kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò wúkọ́ rárá.

Ládìípọ̀ fọwọ́ di etí.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, pa á."