Ajá Tí Ọdẹ́yalé Pè Ní Dìgbòlugi

Ẹ̀gúsí ni Ayọ̀ká ń bó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Ọdẹ́wándé ọkọ rẹ̀ àti Ọdẹ́yalé, àbúrò ọkọ rẹ̀, gba ọ̀nà odò lọ sí igbó ọdẹ. Bánidélé, ajá ọkọ rẹ̀, ń sáré níwájú wọn.

"Má jẹ́ kí ọbẹ̀ náà tutù kí n tó dé o," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ọdẹ́yalé nìkan ló padà. Ó ní odò ló gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ.

Ní ọjọ́ keje, ajá gba ọ̀nà odò wọlé, amọ̀ pupa kún èékánná rẹ̀. Kò gbó. Iwájú ilé Ọdẹ́yalé ló lọ jókòó sí, ó tẹjú mọ́ ọn. Bí Ọdẹ́yalé bá ń jẹun, ajá ń wò ó. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, yóò máa gbọ́ èémí rẹ̀ láti òde.

"Ajá yìí ti di dìgbòlugi," ni Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó pe ajá náà ní Bánidélé mọ́. Àwọn tó máa ń ju eegun sí i tẹ́lẹ̀ wá ń sọ ọ́ lókò. Wọn kò yà kí Ayọ̀ká pàápàá mọ́. Wọ́n ní ilé dìgbòlugi ni.

Ayọ̀ká mọ̀ pé ajá yìí, tó bá ọkọ òun lọ, nìkan ló lè mú òun dé ibi tí ọkọ òun wà. Ó gbé omi síwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ajá lá omi náà tán.

"Ṣé dìgbòlugi a máa mu omi?" ni ìyá arúgbó kan ládùúgbò bi Ọdẹ́yalé.

"Ìyá, wèrè náà a máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan," ni ó dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa ajá.

Àṣà ìlú náà ni pé ẹni tó bá kéde dìgbòlugi ni yóò gbé òkú rẹ̀ jáde, ọ̀nà tí ajá náà gbà wọlé ni yóò sì gbé e gbà, àwọn ọdẹ yóò máa tẹ̀lé e. Ọdẹ́yalé yà sí ọ̀nà oko.

"Ọdẹ́yalé, ọ̀nà odò ló gbà wọlé," ni olórí ọdẹ wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba ibí. Ọ̀hún jìn."

"Ọ̀nà tí o ń gbà lọ ṣọdẹ ló wá jìn lónìí?"

Wọ́n dá a padà. Ẹyẹ kankan kò ké ní gbogbo ọ̀nà náà. Nídìí àràbà kan, ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé kọ̀, òkú ajá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, èékánná ti ha á kiri. Wọ́n wa ilẹ̀ náà. Ọdẹ́wándé ni wọ́n bá níbẹ̀, ọfà tó ní àmì Ọdẹ́yalé ṣì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n mú apànìyàn lọ sí ààfin. Nínú àwọn tó ju òkò, kò sí ẹni tó rántí pé òun wà níbẹ̀. Ayọ̀ká sin ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì sin ajá tì í. Sàréè méjì yẹn ló kù fún un.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ẹni tó bá fẹ́ pa ajá, orúkọ burúkú ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.