Fadérẹ̀rá àti Ilà Ojú Bàbá Láníhùn

Ẹsẹ̀ tó ń sáré kiri kì í gba àlejò;
Ojú tó ń wo igba ọjà kì í ra ẹyọ kan;
Ibi tí orí bá ń gbé ni lọ, ẹ jẹ́ ká rọra tọ̀ ọ́.

Àwọn awo mẹ́ta yìí ni wọ́n wo ọ̀ràn fún Fadérẹ̀rá, ọmọ Ìsẹ́yìn, níjọ́ tó fọwọ́ lérán, tó ní iṣẹ́ tí òun fi ọdún mẹ́rin kọ́, òun kò mọ ibi tí òun ń gbé e lọ mọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni Fadérẹ̀rá ń ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí àwọn kan tó ń bi ara wọn léèrè bóyá kámẹ́rà wà láyé Ọ̀rúnmìlà. Ifá ti ń ríran kí kámẹ́rà tó lajú. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n dárúkọ Odù tó bí ìtàn yìí, kó mú obì wá nígbà tí mo bá parí.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Ó mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ ni kì í jókòó. Bó bá lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó, tó rí i pé ayàwòrán mẹ́fà ló ń ti ara wọn lójú agbo, á ní fọ́tò ìsọmọlórúkọ ló kù. Bó bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, á bá gbogbo ẹbí tí wọ́n na fóònù sókè. Fóònù ti sọ gbogbo ayé di ayàwòrán. Á sáré lọ sí ilé-ìwé láti ya àwọn ọmọ tó ń jáde, á bá ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ó ya pásípọ́ọ̀tù. Ó ya bàtà fún àwọn tó ń ta bàtà lórí fóònù. Ó ya irun fún àwọn onídìrí. Lọ́dún kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yí ohun tó kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Ẹni tó nílò ayàwòrán kì í rántí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọn ì bá torí rẹ̀ wá a.

Ohun kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n fi ń yìn ín díẹ̀. Ó máa ń fi kọ̀ǹpútà dán ojú ènìyàn. Bí o bá ní irorẹ́, á pa á rẹ́. Bí àpá bá wà níwájú orí rẹ, á nù ún kúrò. Ojú á wá máa dán bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Àwọn ìyàwó tuntun fẹ́ràn rẹ̀, Fadérẹ̀rá sì gbà pé inúure ni.

Síbẹ̀, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pé kó ta kámẹ́rà, kó wá bá òun jókòó ti sìmẹ́ńtì. Fadérẹ̀rá dá ọjọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní bí ọyẹ́ bá mú tán tí òun kò tí ì ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń mọ òun mọ́, òun á lọ. Ó sọ ọ́, ó sì sunkún, torí iṣẹ́ fọ́tò wù ú ju ohunkóhun lọ. Ìyẹn ló gbé e dé iwájú àwọn àgbà mẹ́ta náà.

Wọ́n ní kó rúbọ. Ẹyẹlé mẹ́rin, ìgbín mẹ́ta, òrí àti ẹfun. Wọ́n ní kó ra àga ọlọ́wọ́ kan, kó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, kó gbé omi tútù tì í, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni kó fi wà nídìí àga náà, kó má jáde lọ ya ẹnikẹ́ni níbikíbi. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un.

“Ire rẹ ń fi ọ̀pá rìn bọ̀. Bí ìwọ bá ń sáré, ẹ ó kọjá ara yín lọ́nà. Ohun tí ọwọ́ rẹ kò fi sójú ènìyàn, má ṣe fi ọwọ́ rẹ mú un kúrò.”

Fadérẹ̀rá gbọ́ ẹyẹlé, ó gbọ́ ìgbín. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ó ra àga. Ó pọn omi. Ní ti ìkìlọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ó ní àwọn àgbà fẹ́ràn àlọ́ jù, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kìíní, ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó dìde lọ wo títì. Ọkọ̀ ń kọjá, lójú rẹ̀ ó dà bíi pé ire òun wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbọ́ pé ọmọ ìjòyè kan ń gbéyàwó ní Ọ̀yọ́. Ó gbé àga wọlé, ó da omi nù, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀. Ayàwòrán mẹ́jọ ló bá níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń lé ọmọ yìí?

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá Láníhùn wá. Àgbà ahunṣọ ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó fi ọ̀pá rìn wá láti àdúgbò rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó padà wá nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún bá a ní títì, nítorí Fadérẹ̀rá ti gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ṣakí. Ìgbà kẹta tó wá ló tó bá a, níbi tó ti ń di báàgì láti tún jáde.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ojú mi ni mo fẹ́ kí o yà. Ojú nìkan.”

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó, kò ní í pẹ́.”

Bàbá rọra ṣàlàyé. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Ààrìnọlá. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè, nígbà tí Bàbá ṣì wà lọ́mọdé. Àwọn òbí wọn kú, ilé tú, wọn kò sì gbúròó ara wọn mọ́ láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Mùdá, awakọ̀ tó ń kó èlùbọ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́, ló gbọ́ orúkọ Láníhùn lẹ́nu ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ọkùnrin kan ti wá rí tó pe ara rẹ̀ ní àbúrò rẹ̀, tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù kan gbáko kó tó sá lọ. Ìyá ní kí Mùdá mú fọ́tò ojú Láníhùn yìí wá. Bó bá jẹ́ àbúrò òun ni, òun á mọ̀.

Fadérẹ̀rá ń gbọ́, ó ń wo aago. Ó yà á kíákíá. Nígbà tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó rí àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́ Bàbá, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Àánú ṣe é. Ó ní bàbá tó rẹwà tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi abẹ ya ojú rẹ̀. Ó dán an. Ó pa ilà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ́, ó tẹ fọ́tò náà jáde, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá kò rí i dáadáa. Ó fọwọ́ pa á lára, ó sì súre fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Fadérẹ̀rá ṣì ń sáré. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láàárọ̀, ètè ti ń gbẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tún ránṣẹ́. Ó ti ń kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù sínú páálí nígbà tí Bàbá Láníhùn àti Mùdá wọlé.

“Ìyá yẹn kàn wò ó báyìí ni,” Mùdá wí, “ó dá a padà fún mi. Ó ní ta lẹni tójú ẹ̀ dán bí abọ́ yìí. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dé ilé òun mọ́.”

Bàbá kò bínú. Ó na fọ́tò náà sí Fadérẹ̀rá. “Ọmọ mi, ojú mi ò tó nǹkan mọ́. Bá mi wò ó. Ṣé ilà mi wà níbẹ̀?”

Fadérẹ̀rá lè purọ́. Ó lè ní ìwé ni kò dára, tàbí pé ojú ìyá náà ló ti fọ́. Ó wo Bàbá, ìtìjú bò ó, ó kúnlẹ̀.

“Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo rò pé ó máa dùn mọ́ yín ni.”

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀.

“Ilà kẹta nìyí. Ṣé o mọ̀ ọ́n lára pé ó wọ́? Mo ti tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ìyá wa ò lè wo ẹ̀jẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìnkùlé. Ààrìnọlá ló di orí mi mú fún olóòlà. Ó ń sunkún jù mí lọ. Ibi tó ti fẹ́ nu ojú ara ẹ̀ ló ti jọ̀wọ́ mi, mo sì yí orí. Kò sẹ́ni tó mọ èyí láyé mọ́ àfi àwa méjèèjì. Mi ò wá ojú tó dán, ọmọ mi. Àbúrò Ààrìnọlá ni mo fẹ́ jẹ́.”

Ìgbà yẹn ni ìkìlọ̀ tó pè ní àlọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Fadérẹ̀rá. Ó ra ìgbín mẹ́ta mìíràn, ó padà lọ bá àwọn àgbà, ó ní òun rú ti ẹran, òun kò rú ti etí. Wọ́n ní kó lọ jókòó, kó tún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó fi Bàbá jókòó sórí àga níta, níbi tí oòrùn ti ń yọ wá láti ẹ̀gbẹ́, tí ilà kọ̀ọ̀kan fi ní òjìji tirẹ̀. Kò yára. Ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ya tòsì, ó ya gbogbo ojú. Kò fi kọ̀ǹpútà kan ohunkóhun níbẹ̀. Ó bẹ Mùdá títí tó fi gbà láti gbé e lọ.

Ẹ wá wo ìjókòó. Lọ́jọ́ keje, wọ́n wá pè é sí ìgbéyàwó, ó fọwọ́ méjèèjì di ara ilẹ̀kùn mú, ó ní òun kò lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Mùdá kò dé. Lọ́jọ́ kejìlá, Mùdá kò dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ọkàn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó. Àwọn arúgbó tó ń ti ọjà bọ̀ ń sinmi lórí àga, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń wo fọ́tò Bàbá Láníhùn tó gbé kọ́ sójú fèrèsé. Ìyá kan béèrè ẹni tó ya ilà yékéyéké báyìí. Fadérẹ̀rá ní òun ni.

“Yáa ya gọ̀ǹbọ́ tèmi náà,” ìyá náà wí. “Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ọkọ̀ èlùbọ́ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mùdá di ìyá arúgbó kan lápá mú sọ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà tí òun na fọ́tò náà sí i, ìka kan ṣoṣo ló gbé lé e, lórí ilà kẹta lósì, ó sì dìde lọ di ẹrù. Bàbá Láníhùn wà lórí àga, ibẹ̀ ló ti ń dúró de ọkọ̀ lójoojúmọ́. Kò rí ẹni tó ń bọ̀. Ààrìnọlá rìn tààrà lọ bá a. Ó fọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, bí wọ́n ṣe ń di ọmọ mú fún olóòlà.

“Mi ò ní í jọ̀wọ́ ẹ mọ́,” ó wí.

Fadérẹ̀rá gbé kámẹ́rà sójú, omijé kò jẹ́ kó ríran. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yà wọ́n.

Ọyẹ́ mú tán lọ́dún náà, Fadérẹ̀rá kò lọ sí Ìbàdàn. Láti Ìgbòho, láti Ìmẹ̀kọ, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń kó arúgbó wá bá a, kí ilà ojú wọn má bàa bá wọn wọ ilẹ̀. Ọmọ tó ń tijú ilà baba rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń di baba náà lápá mú wọlé. Àwọn ayàwòrán tó ń ti ara wọn lójú agbo, bí arúgbó bá béèrè fọ́tò lọ́wọ́ wọn, àwọn fúnra wọn ló ń júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Fadérẹ̀rá. Ó dìde, ó yin àwọn àgbà mẹ́ta, àwọn àgbà yin Ifá, Ifá yin Elédùmarè.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ti ń wá ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí Ifá wí nìyí. Ẹbọ kì í ṣe ẹyẹlé nìkan. Fadérẹ̀rá rú ẹyẹlé, ire dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò bá a. Ó fetí rúbọ, ire wọlé. Kí àwa náà gbọ́ ẹbọ, ká rú u. Kí á gbọ́ ìkìlọ̀, ká pa á mọ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wa bá ń wá wa bọ̀, kó bá wa nílé.