Ìdí Tí Ìràwọ̀ Òkun Alápá-Tẹ́ẹ́rẹ́ Fi Ń Jọ̀wọ́ Apá Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí iyanrìn etíkun tó mọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ aráyé, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ìràwọ̀ òkun alápá-tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ omi. Bí ẹ kò bá rí wọn rí, àyà wọn ṣe roboto bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, apá márùn-ún tín-ín-rín ló sì yọ lára rẹ̀, tí ń lọ́ bí ìrù aláǹgbá.

Wọn kì í sá pamọ́ nígbà náà. Orí òkè iyùn ni wọ́n ń gbé, níbi tí oòrùn ti ń wọ inú omi wá bá wọn. Funfun ni gbogbo wọn, awọ wọn ń dán, kò sí ẹ̀gún, kò sí ilà, kò sí àmì kankan. Wọ́n jọra débi pé Akàn, aládùúgbò wọn, a máa kí ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, a sì fo ẹlòmíràn, onítọ̀hún a wá máa bínú pé Akàn ń gbéra ga.

Ìyá wọn nìkan ló mọ èwo ni èwo. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí rẹ̀, Àkànmú sì ni àbíkẹ́yìn.

Bí ìgbì bá ti rọlẹ̀, ìyá wọn á ní kí wọ́n jáde wá jó. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á tò lọ gbọọrọ lórí iyùn, wọ́n á máa kọrin:

Ọwọ́ mi dà?
Ó wà lọ́wọ́ rẹ.
Ọwọ́ rẹ dà?
Ó wà lọ́wọ́ mi.
Ìgbì ń bọ̀,
Ìgbì á kọjá,
A ò ní í túká.

Ijó náà kì í parí títí ìyá wọn á fi pàtẹ́wọ́, tí á ní, "Ẹ jọ̀wọ́!" Nígbà náà ni oníkálukú á jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n á sì lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀ kí ìyá tó sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ di ọwọ́ mú lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́. Nínú ilé wọn, ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nìyẹn.

Ayé dùn nígbà náà, kí n má purọ́. Ìgbì lè wá, ìgbì lè lọ, kò lè gbé ìkankan nínú wọn lọ.

Nígbà tó yá, ìyá wọn darúgbó. Kí ó tó kú, ó pe Àwẹ̀ró, ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọnù." Àwẹ̀ró ṣèlérí. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: òun ló wá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dùn tó ti ìyá.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ń jó báyìí, tí Kúta, ẹja eléyín ṣóṣóró, yọ láti inú ibú. Àkànmú ló wà ní ìparí ìlà. Gbàmù! Kúta ti gbá a lápá mú.

Kúta fà, gbogbo ìlà bá a lọ. Kò sẹ́ni tó tú ọwọ́ sílẹ̀, nítorí òfin ni. Àwẹ̀ró tó wà níwájú fi apá yòókù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka iyùn kan, ẹ̀ka náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ó mọ̀ pé bí àwọn bá di ọwọ́ mú, Kúta á kó gbogbo wọn lọ. Bí àwọn bá sì tú u, Àkànmú lọ nìyẹn. Kí ni òun fẹ́ sọ fún ìyá òun?

Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ẹ sì mọ ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó lè máa fi ọ̀wọ̀ bá olè sọ̀rọ̀. Kúta jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kò lè sọ pé "jọ̀wọ́" fún un ṣákálá. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké:

"Ẹ jọ̀wọ́! Ẹ jọ̀wọ́!"

Kúta kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́, gbogbo wọn sì tú ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkànmú náà gbọ́. Kò di ẹnikẹ́ni mú mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ṣì wà lẹ́nu Kúta. Òfin sì ni òfin. Ọ̀nà wo ni á gbà jọ̀wọ́, bí kò ṣe pé kó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀? Ó fún ara pọ̀, apá náà sì já, pó! Apá ọ̀hún ń ta pọ́ún pọ́ún lẹ́nu Kúta, òmùgọ̀ náà sì gbà pé òun ti rí ẹran mú. Ó ru ú lọ.

Ìgbì wá gbá àwọn yòókù lọ, nítorí kò sẹ́ni tó di ẹnì kejì rẹ̀ mú. Nígbà tí omi fi máa tòrò, Àwẹ̀ró nìkan ló kù lórí iyùn. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó wá wọn kiri, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Kò mọ̀ pé ibi tí oníkálukú wọn bọ́ sí ti fún onítọ̀hún láṣọ tuntun. Èyí tó bọ́ sọ́dọ̀ Kànrìnkàn òkun, tí ara rẹ̀ pupa, ti pọ́n bí epo. Èyí tó bọ́ sáàrin ewéko omi ti ní ilà dúdú lápá. Èyí tó rọ̀ mọ́ iyùn ẹlẹ́ka, apá tirẹ̀ náà ti pẹ̀ka bí igi. Òmíràn ti hu ẹ̀gún wúruwùru.

Àwẹ̀ró pàdé ẹlẹ́gùn-ún yìí, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, àlejò." Ìyẹn náà ní, "Ẹ ǹlẹ́." Wọ́n sì kọjá lára ara wọn.

Ìyá Àgbà Iyùn tí wọ́n ń gbé lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí kò lè mú un mọ́ra. "Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ lo kí bí àlejò yẹn."

"Ẹ̀gún kò sí nílé wa, Ìyá."

"Aṣọ àyálò lo ń wò. Wo abẹ́ àyà rẹ̀. Ẹnu ta nìyẹn?"

Àwẹ̀ró padà, ó bẹ abẹ́ wò. Ẹnu onígun márùn-ún bí ìràwọ̀ kékeré ló rí, ẹnu ìyá wọn gẹ́lẹ́. Ó bú sẹ́kún. Bó ṣe ń bẹ abẹ́ wò kiri nìyẹn, tó fi rí gbogbo wọn, àfi Àkànmú.

Nígbẹ̀yìn, ó rí ṣóńṣó apá kan tó yọ lábẹ́ òkúta. "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ń wá? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ mi?"

Àwẹ̀ró mọ ohùn náà. "Àkànmú! Kúta ni mo ń bẹ̀!"

"Kúta? Kúta lẹ ń pè ní 'ẹ'?"

"Bí Ìyá ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ òkúta, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn. "Ìyá ló gbà wá nígbà náà. Ká ní ẹ kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, inú Kúta là bá wà."

"Jáde wá, ká lọ jó."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Kúta ti mọ orí òkè. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọlé." Ó na apá kan jáde sí i. Apá tuntun ni, ó kúrú, ó sì funfun bí awọ gbogbo wọn ṣe rí láyé ìyá wọn. Àwẹ̀ró wò ó pẹ́. Ó rọra dì í mú, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni ìràwọ̀ òkun alápá-tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gbé abẹ́ òkúta iyùn, tí àwọ̀ àti ẹ̀gún wọn kò dọ́gba mọ́, àfi ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni ẹni bá gbá apá wọn mú ti ń bá apá nìkan lọ, tí òmíràn á sì hù. Wọ́n ṣì ń di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú òkùnkùn ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dì í pinpin mọ́.