Irin Kékeré Inú Agolo Mílíìkì

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lórí òkúta pẹlẹbẹ kan ní ìdajì òkè, tí wọn a máa jẹ àgbàdo sísun títí jíìpù wọn yóò fi tutù. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó. Ọkọ ni ó ń wa jíìpù. Abúlé orí òkè kò ní ilé ìwòsàn. Àpáta àti kòtò ni ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí ń gùn ún. Jíìpù náà dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ. Bí ó bá ti dé ìdajì òkè, omi inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọkọ a pa á, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó a mú àgbàdo jáde.

Ní ọjọ́ kan báyìí, ìyàwó wo jíìpù náà bí ó ṣe ń rú èéfín, ó ní, "Olówó orí mi, ọkọ̀ yín yìí fẹ́ràn ìsinmi ju àwọn olùkọ́ lọ." Ọkọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ àgbàdo tán, wọ́n bu omi sínú ọkọ̀, wọ́n gòkè. Kò sí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n rán nọ́ọ̀sì mìíràn wá. Ọkọ ń gbé e gòkè bí ó ti máa ń gbé ti àkọ́kọ́, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè wọ́n pé obìnrin kan ń rọbí lórí òkè, kò sì rọrùn fún un. Wọ́n sáré. Ní ìdajì òkè, omi hó, jíìpù dúró. Nọ́ọ̀sì kò lè jókòó sórí òkúta. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé abúlé, wọ́n bá ìyá láàyè. Wọn kò bá ọmọ láàyè.

Ní àkókò yẹn, ọmọbìnrin baálé abúlé náà ti lóyún ìbejì, ó sì ku oṣù méjì kí ó bímọ. Ọkùnrin náà wo jíìpù rẹ̀, ó sì wa á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìsàlẹ̀ òkè.

Ó ní, "Mo fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní sinmi lójú ọ̀nà."

Mẹkáníìkì yí jíìpù náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù, ó ní, "Àwọn jíìpù tuntun rẹwà, ṣùgbọ́n ikùn wọn á máa wọ́ lórí àpáta yẹn. Ara ti èyí le. Ọkàn rẹ̀ nìkan ni ó ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọkàn mìíràn."

Ì bá wù mí kí o rí bí mẹkáníìkì yẹn ṣe ṣiṣẹ́. Ó wá ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kan rí, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ògiri wó lù láti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì náà kéré ju ti àtijọ́ lọ, agbára rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ó ní ohun kan lára tí ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó sì ní kọ̀ǹpútà tí ń wọn epo fún un ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá, bíréèkì ni ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní, "Mi ò lè fún ọkọ̀ ní agbára tí kò ní lè dá dúró." Ó gé irin tí yóò so ẹ́ńjìnnì tuntun mọ́ jíà àtijọ́. Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ méjì nù, nítorí pé èékánná lè wọ àárín wọn àti jíà. Ìkọ́ wáyà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó iwájú, èyí tí ìyàwó máa ń gbé báàgì agbẹ̀bí rẹ̀ kọ́. Mẹkáníìkì béèrè bóyá kí òun gé e dànù. Ọkùnrin náà ní rárá. Kò béèrè mọ́, ó sì fi aṣọ wé ìkọ́ náà kí iná tí ó fi ń jó irin má baà bà á jẹ́.

Nígbà tí ó kan kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ìlú tí ó kọ́ṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà jókòó lórí táyà, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń so wáyà pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì tó o bí lọ́mọ, ṣùgbọ́n "Ẹnjiníà" ni ó ń pè é, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, àwọn ará òkè sọ̀ kalẹ̀ wá wòran. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọjú ọkọ̀ sí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò dé ibi tí ọ̀nà ti ga jù kí èéfín dúdú tó bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kò sì lókun. Ewúrẹ́ kan yà á sílẹ̀.

Ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà pariwo pé, "Ọ̀gá mẹkáníìkì o! Ẹ ti gbé orí ọ̀dọ́ lé ọrùn arúgbó. Ọrùn ò gbà á!" Ẹ̀rín sọ. Ìránṣẹ́ baálé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ìyẹn ń sinmi ni, ṣùgbọ́n ó ń dé." Ó sì kù díẹ̀ kí oníjíìpù gbà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mẹkáníìkì fi tú u, tí ó fi tò ó. Ó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi. Ó dá epo lẹ́bi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, ojú ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún ó padà wá, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yìí ní òtútù ń mú òun."

Ẹni tí ń lẹ táyà gbọ́. "Òtútù! Nínú oòrùn yìí? Ẹ wá súwẹ́tà fún un!"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọjú sí mẹkáníìkì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kí ni ẹ yọ kúrò lára rẹ̀?"

Mẹkáníìkì ní, "N kò yọ nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Irin kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Tẹ́mósítáàtì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà omi títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru tó, kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa máa ń yọ ọ́ dànù. Wọ́n ní oòrùn wa ti tó, kí ni a fẹ́ fi ohun tí ń dá omi dúró ṣe? Ọ̀gá tí ó kọ́ mẹkáníìkì yìí níṣẹ́ ni ó kọ́ ọ láti máa yọ ọ́, òun náà sì ti ń yọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó ń jù ú sínú agolo mílíìkì kan pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀tì tí kò nílò. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fara dà á. Èyí kò lè fara dà á, nítorí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì móoru, á máa da epo sí i, kò sì ní tú agbára rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń dúró kí ara rẹ̀ móoru, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti yọ ohun tí ó lè mú un móoru.

Ohun tí mẹkáníìkì ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi bọ̀wọ̀ fún un títí di òní. Ó lè dúró kí àwọn ènìyàn lọ, kí ó dá irin náà padà ní kọ̀rọ̀, kí ó sì ní òun ti tún kọ̀ǹpútà ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ó da agolo mílíìkì náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó wá irin náà rí, ó gbé e sókè níbi tí ìránṣẹ́ baálé àti ẹni tí ń lẹ táyà ti lè rí i.

Ó ní, "Èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. Ẹnjiníà kò jẹ̀bi. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n yọ débi pé ojú mi kì í rí i mọ́."

Ẹni tí ń lẹ táyà dìde. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjá wá. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín di sípánà mú."

Wọ́n dá irin náà padà. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì dúró. Ọwọ́ aago tí ń ka ìgbóná gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Nígbà náà ni oníjíìpù kọjú rẹ̀ sí òkè. Kò sí èéfín. Àpáta tí jíìpù náà ti máa ń ráre lé lórí, ó gùn ún bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Nígbà tí ó kan òkúta pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lọ sórí bíréèkì fúnra rẹ̀. Omi kò hó. Kò sí ìdí láti dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin baálé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Báàgì nọ́ọ̀sì rọ̀ sórí ìkọ́ wáyà. Wọ́n gòkè láìdúró, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì bí ìbejì sí ilé ìwòsàn. Àwọn méjèèjì ké.

Ọláníyọnu àbúrò mi, o kọ̀wé sí mi nípa olùkọ́bìnrin tuntun ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. O ní ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lókun. O ní ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ohùn rẹ̀ ti há, àwọn òbí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, o sì fẹ́ dá a padà síbi tí ó ti wá. Mo bi ọ́ ní ohun tí Ẹnjiníà bi mẹkáníìkì: kí ni o yọ?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, kí o tó di ọ̀gá rẹ̀, olùkọ́ tuntun a máa jókòó ti àgbà olùkọ́ fún táàmù kan kí ó tó dá kíláàsì gbà. O fòpin sí i. O ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Mo mọ ibi tí o ti rí i. Nígbà tí ìwọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé tìrẹ, wọ́n tì ọ́ sínú kíláàsì lọ́jọ́ kìn-ín-ní, o sì fara dà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa fara dà á. Ọmọbìnrin yìí ní agbára ju tiwa lọ, nítorí náà gan-an ni ó ṣe nílò kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ móoru.

Jẹ́ kí ó jókòó ti àgbà olùkọ́bìnrin kíláàsì kẹrin títí táàmù yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, nígbà ìpàdé àwọn òbí, dìde, kí o sì sọ fún wọn lójú rẹ̀ pé ìwọ ni o yọ táàmù ìkọ́ṣẹ́ náà kúrò. Ọ̀rọ̀ náà yóò wúwo lẹ́nu rẹ. Síbẹ̀, sọ ọ́.

Bí o bá gba ọ̀nà òkè wá kí mi, wàá rí òkúta pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ní ìdajì ọ̀nà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ mọ́.