Ìkòkò Alátàǹpàkò

Láyé àtijọ́, ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀, Ìyá Láyíwọlá sì ni àgbà wọn. Ìkòkò omi ńlá kan wà ní ojúde ilé rẹ̀ tí gbogbo abúlé ń bu mu. Nígbà tí wọ́n mọ ọ́n, tí amọ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, tọmọdé tàgbà ló fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lára. Bí ènìyàn bá fẹ́ bu omi níbẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú ìka tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kú pàápàá, àwọn èèyàn rẹ̀ a máa fọwọ́ pa ojú ìka rẹ̀ lára.

Àrínpé, ìyàwó tí Láyíwọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, nìkan ni kò ní ojú ìka níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kò mọ̀ ju pé ká fi ẹrẹ̀ mọ ilé lọ. Ṣùgbọ́n ó wù ú kí wọ́n máa pe òun náà ní amọ̀kòkò, ojú sì ń kán an ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ti rí i pé bí àwọn ìyá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò sán, wọn a lù ú wò, èyí tí kò bá sán a dún gooro. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti pọnmi kún ìkòkò ńlá náà tán, ó ní kí òun náà dán an wò. Ó fi ìka lù ú, kò dún. Ẹ̀rù bà á. Ó mú ọmọ ọlọ, ó tún lù ú, ó dún bọ́tọ́.

"Àbí ó ti sán ni?" Ló bá lù ú gidi.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ìkòkò tó kún fún omi kì í dún. Omi gba ojúde, ìkòkò fọ́ yángá.

"Yéè! Ojú ìka ọkọ mi wà lára ìkòkò yìí!" Ìyá Láyíwọlá figbe ta. "Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ ṣàánú mi."

"Mo ti sọ̀rọ̀. Kó àpáàdì rẹ̀ dà sí ààtàn."

Àrínpé kó o, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò da ojú ìka àwọn ènìyàn sórí ààtàn? Ó kó àwọn àpáàdì náà sórí àjà, lókè ààrò rẹ̀.

Nígbà tó yá, òjò ńlá kan dé. Omi ya wọ ilé, ó pa iná gbogbo ààrò abúlé. Ilé alágbẹ̀dẹ tó wà lórí òkè nìkan ni iná kù sí. Òtútù ń mú àwọn ọmọ, ebi sì ń pa wọ́n. Ẹnì kan fi igbá lọ kó iná wá, igbá jóná lọ́nà. Ìyá Láyíwọlá gbé ìkòkò tuntun lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò náà ti mu omi òjò. Bí iná ṣe kàn án ló sán.

Àrínpé bá yọ àpáàdì kan tó fẹ̀, tó sì gbẹ, láti orí àjà, ó gun òkè lọ. Nígbà tó padà dé, iná pọ́n rẹ́rẹ́ nínú rẹ̀.

"Kí lo fi gbé e?" Ìyá Láyíwọlá bi í.

"Ìkòkò wa ni, Ìyá. Ẹ má bínú, mi ò lè dà á nù."

Nígbà tí àpáàdì náà tutù, ìyá yí i padà, ó sì rí ojú ìka ọkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti la iná kọjá, ó tún ti fọ́. Kí ló kù tí yóò máa bà á lẹ́rù?"

Ó ní kí olúkúlùkù wá mú àpáàdì tí ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀, kó fi fọn iná relé. Èyí tó kù, wọ́n gún un kúnná, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ ìkòkò omi ńlá tuntun kó lè le.

"Ìyàwó, mú àtàǹpàkò rẹ wá," ni ìyá wí. "Tìrẹ la ó kọ́kọ́ tẹ̀."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àpáàdì ló tó ko iná lójú.